Orí Keje: Ta Ní Ń Ṣọ́ Kóńgò? Ẹgbẹ́ Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Oníṣirò àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, nítòsí odò tí òun àti ìlú náà jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gaàrí, àgbàdo àti epo pupa kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn oníṣòwò sì máa ń ti ìlú ńlá wá kó wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú alágaàrí kan níbẹ̀, kí ó tó wo gaàrí, kí ó kọ́kọ́ wo kóńgò. Ṣé ìdí rẹ̀ tẹ́jú ni, àbí wọ́n ti lù ú wọ inú? Ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì rí roboto, àbí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀? Ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ pé iye owó gaàrí kò túmọ̀ sí nǹkan kan bí a kò bá mọ irú kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Alágaàrí kan ṣoṣo kọ́ ló ń pinnu bí kóńgò ṣe máa tóbi tó. Ẹgbẹ́ ló ń pinnu rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Bí ẹnìkan bá yọ́ lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọ inú, oníbàárà tó bá já a kò ní sọ nílé pé lágbájá ló rẹ́ òun jẹ. Yóò ní àwọn alágaàrí ọjà yẹn kì í wọ̀n tó. Ẹnìkan jẹ gbèsè, gbogbo ìsọ̀ ló ń san án. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ fi ń yẹ ìdí kóńgò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò, kì í ṣe nítorí pé ìwà gbogbo wọn mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tí kì í ta gaàrí, tó sì ní kóńgò láti ṣọ́. Òun ni ọ̀rọ̀ orí yìí dá lé.

Nínú ìwé yìí, sítátísíìsì ni a ń pe ẹ̀kọ́ náà, oníṣirò ni a sì ń pe ẹni tó fi í jẹun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "oníṣirò" ní wàhálà tirẹ̀. Olùkọ́ máàtì ń ṣírò, akáǹtáǹtì ń ṣírò, ìyá eléwé tó ń ka owó ọjà mọ́ etí ìró náà ń ṣírò. Ohun tó ya oníṣirò tiwa sọ́tọ̀ ni pé ó ń wo díẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀ nípa púpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ òun ṣe lè kùnà tó. Bí ó bá sọ ti àkọ́kọ́ tí kò sọ ti èkejì, kóńgò rẹ̀ ti tẹ̀.

Èló ni gaàrí?

Ká ní a rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àkúrẹ́ pé kó lọ kọ iye owó gaàrí wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ó kí ìyá kan, ó ní, "Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Èló ni kóńgò kan?" Ìyá dá a lóhùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wọ mọ́tò padà sílé.

Iye tí ìyá kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí yóò gbà. Ìnájà ṣì wà níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí gaàrí ń tà gbọ́dọ̀ ná an títí ọwọ́ yóò fi kan owó, tàbí kó dúró wo oníbàárà mìíràn. Ìyá náà tún rí bírò àti páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rò pé agbowó-orí ni, iye tí yóò pè fún un yàtọ̀ sí èyí tí yóò pè fún aládùúgbò rẹ̀. Gaàrí wo ni ó béèrè pàápàá? Funfun ni àbí èyí tí wọ́n fi epo sí? Èyí tó kúnná ni àbí èyí tó le gbágbá lẹ́nu?

Ọjọ́ ọjà ló tún le jù. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n ń ná ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka òní mọ́ ọn: ọ̀la ni ọjọ́ kejì, ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹta. Oníwádìí tó gbọ́ "ọjọ́ márùn-ún" gbọ́dọ̀ béèrè bóyá wọ́n ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kà á mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì lórí kàlẹ́ńdà. Nígbà náà, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé yóò bá ọjọ́ ọjà gan-an pàdé lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọjọ́ 28. Bí wọn kò bá kà á mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 35 ni. Àwọn ọjọ́ Ajé yòókù, àwọn ìsọ̀ díẹ̀ tí kì í ṣíwọ́ títà nìkan ni yóò máa bá, owó tiwọn kì í sì í sábà bá ti ọjọ́ ọjà dọ́gba.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò purọ́ o. Gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ ló gbọ́ ní etí ara rẹ̀. Síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, kò sì sí òfin ọlọ́pàá kankan tó lè mú un fún ìyẹn. Irú nǹkan báyìí, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nìkan ló lè kọ́ ara wọn, tí wọ́n sì lè bá ara wọn wí lé e lórí.

Ìtí ọkà àwọn ará London

Ní 1834 ni wọ́n dá Statistical Society of London sílẹ̀. Charles Babbage, ẹni tó gbìmọ̀ ẹ̀rọ tí a ń pè ní bàbá-ńlá kọ̀ǹpútà, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Malthus. Ọbabìnrin Victoria fún wọn ní ìwé àṣẹ ní 1887, wọ́n sì ń jẹ́ Royal Statistical Society títí dòní. Àwọn ará Boston dá ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1839. International Statistical Institute, tó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé, tẹ̀lé e ní 1885.

Àmì tí àwọn ará London yàn ni ìtí ọkà kan tí wọ́n dì, pẹ̀lú gbólóhùn Látìn tó túmọ̀ sí pé kí àwọn ẹlòmíràn máa pa á. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwa yóò kórè nọ́ńbà, a ó dì í ní ìtí-ìtí. Kí àwọn olóṣèlú àti onífìlọ́sọ́fì wá pa ọkà náà fúnra wọn, kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹgbẹ́ ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ní tèmi, ó ti burú jù. Ẹni tó gbin ọkà ló mọ ibi tí òkúta wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí ẹlòmíràn sì fi eyín bu òkúta, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn fúnra wọn rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sì yọ gbólóhùn náà kúrò.

Florence Nightingale, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé, ní 1858, kò fi ìtí sílẹ̀ ní dídì. Ó ka òkú àwọn ọmọ ogun tó kú ní ogun Crimea, ó rí i pé àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ìbọn ọ̀tá. Ó ya á ní àwòrán kí ojú lè rí i, ó sì gbé e lọ síwájú ìjọba.

Àbíkú nílé ẹjọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá máa rántí apá kan ṣoṣo nínú orí yìí, kó jẹ́ apá yìí.

Ní oṣù kọkànlá 1999, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Sally Clark. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó pa àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan kú ní 1996, èkejì ní 1998. Òun ní òun kò pa wọ́n, pé wọ́n kàn kú ni. Oníṣègùn ọmọdé kan tó gbajúmọ̀ wá jẹ́rìí pé nínú ìdílé bíi ti Sally Clark, ọmọ kan nínú 8,543 ló máa ń kú lójijì láìsí ìdí tí a rí. Ó sọ 8,543 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó ní kí ọmọ méjì kú bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 73. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ gbọ́ nọ́ńbà yìí. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ìsodipúpọ̀ yìí tọ́ bí a bá ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé kọ́bọ̀ kì í rántí. Ó tọ́ níbi tí ohun àkọ́kọ́ kò bá ní ọwọ́ nínú ohun kejì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ikú ọmọ rí nínú ilé kan?

N kò rò pé ìyá àgbà kankan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nílò ìdáhùn mi. Àwọn baba ńlá wa rí i pé ilé tí ọmọ ti kú ni ọmọ tún máa ń kú sí, wọ́n sì fún un ní orúkọ: àbíkú. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé: a kì í fi irú orúkọ báyìí pamọ́ de ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rin. Àlàyé tí wọ́n ṣe nípa ẹgbẹ́ ọ̀run kò sí nínú ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n àkíyèsí tó wà lábẹ́ rẹ̀ péye. Ikú àkọ́kọ́ ń sọ nǹkan fún wa nípa ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi jẹ́nótáìpù gbé e yẹ̀ wò: SS ni ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, AS ni ẹni tó gbé e lára láì ṣàìsàn. Ká ní ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè jẹ́nótáìpù kó tó fẹ́yàwó. (A fi àwọn òbí tó jẹ́ SS sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn.) Kí ọkọ àti ìyàwó jọ jẹ́ AS jẹ́ 1/4 × 1/4, ìyẹn 1/16. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìṣeéṣe pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ SS jẹ́ 1/4. Nítorí náà, bí a bá mú ilé kan láìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìṣeéṣe pé àkọ́bí yóò jẹ́ SS jẹ́ 1/16 × 1/4, ìyẹn 1/64. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ọmọ méjì, tó sì ṣe bí oníṣègùn yẹn ti ṣe, yóò sọ 64 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 1/4,096. Irọ́ ni. Ilé méjì kọ́ ni a ń wò, ilé kan náà ni. Ìdáhùn tó tọ́ ni 1/16 × 1/4 × 1/4, ìyẹn 1/256. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni àṣìṣe náà. Ẹ tún wo ó báyìí: bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, ìṣeéṣe fún àbúrò rẹ̀ kì í ṣe 1/64 mọ́, ó ti di 1/4. Onílé ti mọ ohun tó wà nílé.

Àṣìṣe kejì farasin ju èyí lọ. Ká tilẹ̀ gbà pé mílíọ̀nù 73 yẹn péye, kì í ṣe ìṣeéṣe pé obìnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ méjì kàn kú. Ó tún ṣọ̀wọ́n kí ìyá pa ọmọ rẹ̀ méjì. Ohun ọ̀wọ́n méjì ni a ní kí a fi wé ara wọn, ilé ẹjọ́ sì wo ọ̀kan ṣoṣo. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn jẹ lọ́tìrì, a kì í torí ìyẹn mú ẹni tó jẹ ẹ́ lólè.

Ní oṣù kẹwàá 2001, Royal Statistical Society sọ ọ́ ní gbangba pé nọ́ńbà náà kò ní ìpìlẹ̀ nínú sítátísíìsì. Ní oṣù kìíní 2002, ààrẹ wọn, Peter Green, kọ̀wé sí Lord Chancellor, olórí ètò ìdájọ́ nígbà náà. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kejì ló tú Sally Clark sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2003. Kí a má parọ́: èsì àyẹ̀wò ìṣègùn kan tí wọn kò fi han àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ló gba iwájú nínú ìdájọ́ náà, àmọ́ ilé ẹjọ́ kò fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ láì bá a wí. Obìnrin náà kú ní 2007.

Ṣé oníṣirò kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tí ẹgbẹ́ sọ? Ó lè sọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n lójú adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn jiyàn, wọ́n sì lè máa jiyàn náà lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ là á mọ́lẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà gbé kóńgò tó tẹ̀ sókè lójú gbogbo ọjà.

Nílé wa

James Nwoye Adichie, tó kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka, ni ọ̀jọ̀gbọ́n sítátísíìsì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. (Àwọn tó ń ka ìwé ìtàn mọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Chimamanda, ju bàbá lọ.) Nigerian Statistical Association ló kọ́kọ́ kó àwọn oníṣirò ilé ìwé gíga àti ti ilé iṣẹ́ ìjọba jọ, ó ń ṣe àpérò, ó sì ń tẹ jọ́nà tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni Professional Statisticians Society of Nigeria dé. Ní ti àṣẹ, àwọn akáǹtáǹtì ti jẹun ṣáájú wa: 1965 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ wọn, ICAN, sílẹ̀. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kí Chartered Institute of Statisticians of Nigeria tó wà. Ìdí rẹ̀ lójú mi ni pé bí akáǹtáǹtì bá ṣìṣe, owó ẹnìkan ló ń sọnù, ẹni náà yóò sì pariwo. Bí oníṣirò bá ṣìṣe, owó gbogbo ènìyàn ló ń sọnù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé tòun wà níbẹ̀.

Ẹ wo ètò ìkànìyàn. Wọ́n fagi lé ti 1962. Ti 1963 mú mílíọ̀nù 55.6 wá pẹ̀lú ìjà. Wọ́n tún fagi lé ti 1973. Ti 1991 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 89. Ti 2006 jẹ́ 140,431,790, tí 3,460,877 nínú wọn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń ka ìwé yìí, ní FUTA ni o tàbí ní Rufus Giwa Polytechnic l'Ọ́wọ̀, ni wọ́n bí lẹ́yìn 2006. Ẹnikẹ́ni kò tíì kà yín rí.

Kí ni ìyẹn ń ṣe? Ká ní a fẹ́ mọ iye ènìyàn ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2024, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ìkànìyàn. Bí a bá gbà pé wọ́n ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dún, a ó rí bíi mílíọ̀nù 5.89. Bí a bá gbà pé ìdá 2.5 ni, ó di bíi mílíọ̀nù 5.40. Ìyàtọ̀ ìdajì péré nínú ìdá kan, ó sì ti dá ènìyàn tó lé ní 490,000 sílẹ̀ tàbí ó ti pa wọ́n rẹ́. Gbogbo ènìyàn tí wọ́n kà ní Gúúsù àti Àríwá Àkúrẹ́ pọ̀ ní 2006 kò tó bẹ́ẹ̀: 484,798 ni wọ́n. Ilé ìwé mélòó ni ká kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára mélòó ni ká kó wá sí ìlú Oǹdó, orí irú nọ́ńbà yìí ni wọ́n dúró lé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti sọ fún ìjọba pé kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kì í ṣe kó mú èyí tó wù ú.

Àpẹẹrẹ kejì ṣì gbóná. Àjọ National Bureau of Statistics, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Òfin Sítátísíìsì ọdún 2007, sọ pé àìríṣẹ́ṣe jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ní ìdá 4.1 ni. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n bínú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ wà lára aláìríṣẹ́. Ní ìlànà tuntun, tó bá ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé mu, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ láti fi rí owó ti ní iṣẹ́. Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ títì fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ ọjà ti kúrò lára aláìríṣẹ́, ebi rẹ̀ kò sì dín. Bákan náà ni ọ̀wọ́ngógó: ìdá 34.80 ní oṣù kejìlá 2024, ìdá 24.48 ní oṣù tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ àti agbọ̀n ọjà padà. Owó gaàrí kò wálẹ̀ l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀ nítorí ìyẹn. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀.

N kò sọ pé pípààrọ̀ rẹ̀ burú. Kóńgò àtijọ́ a máa gbó, ìlànà tuntun náà sì ní ìdí tó múná dóko. Ṣùgbọ́n bí a bá pààrọ̀ kóńgò lọ́jà, a kì í fi iye owó ti àná wé ti òní láì sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn. Àjọ ìjọba lè ṣàlàyé títí, òntajà ló ń yin ọjà rẹ̀ lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ló yẹ kó jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tí àwọn ọlọ́jà yóò gbọ́: èyí ni ohun tó yí padà, èyí ni ohun tí kò yí padà, ẹ má fi nọ́ńbà méjèèjì sí orí ìlà kan náà.

Ìyókù iṣẹ́ ẹgbẹ́

Àwọn iṣẹ́ yòókù kò pa ariwo. Ẹgbẹ́ ń tẹ jọ́nà jáde kí àwọn ẹlẹgbẹ́ lè yẹ iṣẹ́ ara wọn wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ará ìta. Ó ń kọ ìlànà ìwà: ti International Statistical Institute jáde ní 1985, wọ́n sì tún un kọ ní 2010. Ó ń fún ẹni tó kúnjú ìwọ̀n ní orúkọ oyè. Nígbà mìíràn, ó ń bá àwọn onímọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀. Ní 2016 ni ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì pé kí wọ́n yé fi p-value ṣe ìdájọ́ òdodo àti irọ́, nítorí kò lè gbé e. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, àti ní Ìbàdàn, yàrá ìmọ̀ràn sítátísíìsì wà tó jẹ́ ara ètò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní LISA 2020, níbi tí oníṣègùn tàbí onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè gbé dátà rẹ̀ wá kó tó bà á jẹ́. Mo ní kó tó bà á jẹ́, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá oníṣirò ló ń dé lẹ́yìn ìgbà tí oko ti jóná.

Èyí tó gba ìgboyà jù ni gbígbèjà ọmọ ẹgbẹ́. Andreas Georgiou di olórí ilé iṣẹ́ sítátísíìsì Gíríìsì ní 2010, ó tún ṣírò iye tí ìnáwó ìjọba fi ju owó tó ń wọlé fún un lọ, bí ìlànà Yúróòpù ṣe ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀, iye náà sì pọ̀ ju bí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, ẹjọ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ̀wé, wọ́n gbèjà rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí àyíká wa: òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ìjọba l'Álágbàáká, ní Àkúrẹ́, ka nǹkan, ohun tó kà kò sì dùn mọ́ ọ̀gá nínú. Bí kò bá ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, òun nìkan ló máa yàn láàárín nọ́ńbà àti owó oṣù.

Bí ẹgbẹ́ kò bá ṣe irú nǹkan wọ̀nyí, kí ló kù? Owó ẹgbẹ́, ankará àjọwọ̀, báàgì àpérò, àti lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ. Mo ti lọ sí àpérò púpọ̀, mo sì fẹ́ràn ìrẹsì wọn. N kò tíì rí èyí tí wọ́n ti yẹ kóńgò ẹnìkan wò lójú ọjà. Bí ẹgbẹ́ bá sì pín sí méjì, ìjọba ti rí ibi gbà sá: yóò máa pe èyí tó bá gbè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní méjì nígbà kan, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní 1993.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ sí ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta pé ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná an, kí o sì fi kàlẹ́ńdà yẹ ìdáhùn wọn wò. Bí o bá ní owó mọ́tò fún ìrìn-àjò mẹ́jọ péré nínú oṣù méjì, ọjọ́ wo ni ìwọ yóò yàn, kí sì nìdí?

2. Tún ìṣirò AS ṣe pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta dípò méjì. Ìlọ́po mélòó ni àṣìṣe ẹni tó sọ 64 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?

3. Kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì fún rédíò, ní Yorùbá, tó ṣàlàyé ohun tó sọ ìdá 33.3 di ìdá 4.1. O kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ìjọba tàbí alátakò. Kà á fún ẹnìkan tí kò lọ sílé ìwé. Bí kò bá yé e, tún un kọ.

4. Yá kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ alágaàrí mẹ́ta ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mẹ́ta ní Àkúrẹ́, mẹ́ta ní ìlú Oǹdó. Bu omi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, da omi náà sínú ike tó ní àmì lítà, kí o sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá rí èyí tó dín, má ṣe kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó gbọ́, àti bí o ṣe máa sọ ọ́ fún un.